Epo Niger, etí òkun Sẹ̀mẹ̀: kí ló fa ìjà lórí páìpù tó gba ilẹ̀ Benin kọjá?

Bí ará Èkó bá gbọ́ "Sẹ̀mẹ̀", bọ́dà ló máa kọ́kọ́ wá sí i lọ́kàn: kọ́sítọ́ọ̀mù, ọkọ̀ tòkunbọ̀, ìrẹsì, àwọn tó ń ṣẹ́ owó sefa lẹ́bàá títì. Láti ọdún 2024, orúkọ ìlú náà ti ń jáde nínú ìròyìn àgbáyé nítorí ọ̀rọ̀ mìíràn. Ibẹ̀ ni páìpù epo rọ̀bì kan tó ti aṣálẹ̀ Niger wá ti ń wọ inú òkun. Nítorí rẹ̀ ni Niger àti orílẹ̀-èdè Benin fi wọ ṣòkòtò ìjà kan náà, débi tí Ṣáínà fi ní láti bá wọn dá sí i. Àwọn kan sọ pé Benin ló fẹ́ já epo ẹni ẹlẹ́ni gbà. Àwọn mìíràn sọ pé Niger ló kọ́kọ́ da májẹ̀mú. Àwọn kan tilẹ̀ ń pe páìpù yìí mọ́ èyí tó ń gbé gáàsì láti Nàìjíríà lọ sí Ghana.

Páìpù wo là ń sọ gan-an?

Agadem ló ti bẹ̀rẹ̀, nínú aṣálẹ̀ ní ìlà-oòrùn Niger, ní agbègbè Diffa. Ó gùn tó nǹkan bí 1,950 kìlómítà. Bíi 1,275 nínú rẹ̀ wà ní Niger. Ìyókù gba inú Benin láti àríwá dé gúúsù, títí ó fi dé Sẹ̀mẹ̀-Kpodji, tí kò jìnnà sí Àjàṣẹ́. Kò sì dúró ní etí omi. Ó tún rìn nísàlẹ̀ òkun lọ sí ibi tó jìn dáadáa, níbi tí ọkọ̀ òkun ńlá lè dúró sí láti gba epo. Àgbá epo rọ̀bì 90,000 ló lè gbé lóòjọ́.

CNPC, ilé-iṣẹ́ epo tó jẹ́ ti ìjọba Ṣáínà, ló kọ́ ọ. WAPCO, tó wà lábẹ́ CNPC, ló sì ń bójú tó o. WAPCO yìí kì í ṣe ti sìmẹ́ǹtì Ewékorò tí àwọn àgbà mọ̀ o. Kì í sì í ṣe WAPCo tó ni páìpù gáàsì Nàìjíríà sí Ghana. Owó tí wọ́n ní páìpù náà jẹ tó bílíọ̀nù 2.3 dọ́là. Bí a bá ka owó tó lọ sórí àwọn kànga Agadem mọ́ ọn, ó di nǹkan bíi bílíọ̀nù 4.6.

Ọ̀rọ̀ náà kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ní 2008, nígbà ìjọba Mamadou Tandja, ni CNPC gba ilẹ̀ epo Agadem. Ní 2011 wọ́n ṣí ilé ìfọpo kan ní Zinder, tó lè fọ àgbá 20,000 lóòjọ́. Epo yẹn kò ju ohun tí wọ́n ń lò nílé àti ìwọ̀nba tí wọ́n ń tà fún aládùúgbò. Páìpù tó dé òkun nìkan ló lè sọ Niger di orílẹ̀-èdè tó ń ta epo rọ̀bì sọ́jà àgbáyé.

Kí ló dé tó fi jẹ́ Benin?

Niger kò ní òkun. Ibi yòówù kí epo rẹ̀ gbà, ilẹ̀ ẹlòmíràn ni yóò là kọjá. Tẹ́lẹ̀ rí, ohun tí wọ́n ń gbèrò ni kí wọ́n so Agadem pọ̀ mọ́ páìpù tó ń gbé epo Chad lọ sí Cameroon. Nígbà tó yá, wọ́n yí padà sí Benin, wọ́n sì fọwọ́ sí àdéhùn ní 2019. Ara Sẹ̀mẹ̀ fúnra rẹ̀ kò ṣàjèjì sí epo: láti 1982 títí di 1998 ni Benin ti wa epo nínú òkun níbẹ̀.

Kí ni èrè Benin? Owó ìkọjá ni, pẹ̀lú owó orí àti iṣẹ́ fún àwọn ọ̀dọ́. Ní ayé àtijọ́, oníbodè a máa gba owó lọ́wọ́ alájàpá tó bá gba ẹnu odi ìlú kọjá. Ohun tí owó ìkọjá jẹ́ kò yàtọ̀ sí ìyẹn: lórí àgbá kọ̀ọ̀kan tó bá gba ilẹ̀ Benin, owó kan wà tí Benin ní ẹ̀tọ́ sí. Ṣùgbọ́n alájàpá tí oníbodè bá yọ lẹ́nu lè gba ọ̀nà ìlú mìíràn ní ọjọ́ ọjà tó ń bọ̀. Páìpù tí wọ́n ti rì mọ́lẹ̀ kò lè ṣí nídìí.

Kí ló bà á jẹ́?

Ní ọjọ́ 26 oṣù Keje 2023, àwọn sọ́jà tó ń ṣọ́ Ààrẹ Mohamed Bazoum gbàjọba lọ́wọ́ rẹ̀, Ọ̀gágun Abdourahamane Tiani sì gorí àlééfà. Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tí ECOWAS, tí Ààrẹ Bola Tinubu jẹ́ alága rẹ̀ nígbà náà, fi pàṣẹ pé kí wọ́n ti ibodè Niger pa, kí káràkátà dúró. Wọ́n tún halẹ̀ pé àwọn lè fi agbára ológun dá Bazoum padà. Nàìjíríà já iná mànàmáná tó ń fún Niger. Benin ti ọ̀nà Malanville, níbi tí afárá ti gba orí Odò Ọya wọ Niger.

Kútọnu ni èbúté tí Niger ti ń kó ọ̀pọ̀ ẹrù rẹ̀ wọlé tẹ́lẹ̀. Ọkọ̀ akẹ́rù tò lọ rẹrẹẹrẹ ní Malanville, ohun tó wà nínú wọn sì ń bàjẹ́. Àwọn tó ní ẹrù bẹ̀rẹ̀ sí fi ọkọ̀ ojú omi gbé e sọdá lóru. Àwọn tó kù lọ gba Lomé àti Burkina Faso, ọ̀nà tó gùn tí àwọn agbésùnmọ̀mí sì ń yọ síni. Nínú gbogbo èyí, iṣẹ́ páìpù kò dúró pátápátá. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Kọkànlá ọdún náà, olórí ìjọba Niger, Ali Mahaman Lamine Zeine, lọ sí Agadem láti ṣí i.

Ní ọjọ́ 24 oṣù Kejì 2024, ECOWAS gbé ìjìyà náà kúrò. Benin ṣí ibodè tirẹ̀. Niger kọ̀, kò ṣí tiẹ̀. Ìdí tí àwọn ológun tó wà ní Niamey, olú-ìlú Niger, sọ ni pé Faransé ní ibùdó ológun ní àríwá Benin, pé ibẹ̀ ni wọ́n ti ń kọ́ àwọn tí yóò wá da Niger rú. Benin sẹ́, Faransé náà sẹ́. Nínú oṣù Kẹta, pẹ̀lú ibodè tó ṣì wà ní títì, epo bẹ̀rẹ̀ sí ṣàn láti Agadem.

Ohun tó ń rú ọ̀pọ̀ ènìyàn lójú nìyí. Ènìyàn kò lè gba afárá kọjá, ìrẹsì kò lè kọjá, epo rọ̀bì ń kọjá lábẹ́ ilẹ̀.

Kí ló wá ṣẹlẹ̀ ní Sẹ̀mẹ̀?

Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Karùn-ún 2024, Patrice Talon, ààrẹ Benin nígbà náà, sọ pé ọkọ̀ òkun kankan kò ní gba epo Niger ní omi Benin títí Niamey yóò fi ṣí ibodè, tí ìbáṣepọ̀ yóò sì padà sí bó ṣe yẹ. Láti mọ bí ìyẹn ṣe nípọn tó, ó yẹ ká wo bí páìpù ṣe ń ṣiṣẹ́. Ní àgbá 90,000 lóòjọ́, nǹkan bí ọjọ́ 11 ni yóò fi kó mílíọ̀nù kan àgbá jọ, èyí tó tó ọkọ̀ òkun ńlá kan. Bí ọkọ̀ kò bá gbé e, táǹkì tó wà ní Sẹ̀mẹ̀ á kún. Bí táǹkì bá kún, páìpù gbọ́dọ̀ dúró. Bí páìpù bá dúró, wọ́n ní láti ti àwọn kànga Agadem náà, ní nǹkan bí 2,000 kìlómítà síbẹ̀. Ẹni tó bá di ẹnu òkun mú ti di orísun mú.

Ṣáínà sáré dá sí i. Láàárín oṣù yẹn kan náà, Benin gbà kí wọ́n gbé ẹrù àkọ́kọ́ fúngbà díẹ̀, ọkọ̀ kan sì kó mílíọ̀nù kan àgbá lọ.

Àlàáfíà náà kò pé oṣù kan. Ní oṣù Kẹfà, àwọn agbófinró Benin mú ọmọ Niger márùn-ún ní Sẹ̀mẹ̀. Benin ní wọ́n fi ìwé tí kì í ṣe tiwọn wọlé sí ibùdó epo. Niger ní òṣìṣẹ́ tó wá wo bí wọ́n ṣe ń gbé epo sọ́kọ̀ ni wọ́n, bí àdéhùn ṣe là á sílẹ̀. Ilé ẹjọ́ kan ní Benin, CRIET, dá mẹ́ta nínú wọn lẹ́bi, ó fún wọn ní ẹ̀wọ̀n oṣù 18 tí wọn kò ní ṣe àyàfi bí wọ́n bá tún ṣẹ̀. Niger fi ìbínú ti páìpù.

Níbi tí ọ̀rọ̀ dé yìí, kì í ṣe àwọn ìjọba méjèèjì nìkan ló ń jà mọ́. Nínú oṣù kan náà, wọ́n kọlu àwọn sọ́jà tó ń ṣọ́ páìpù ní agbègbè Dosso, nítòsí ibodè Benin, wọ́n sì pa mẹ́fà nínú wọn. Lẹ́yìn náà, ẹgbẹ́ ọlọ́tẹ̀ kan tí Mahmoud Sallah ń darí, Front Patriotique de Libération, bẹ́ páìpù náà nínú aṣálẹ̀. Wọ́n ní àwọn fẹ́ kí wọ́n dá Bazoum sílẹ̀, kí Ṣáínà sì fagi lé owó tó yá ìjọba ológun.

Àwọn ààrẹ Benin tẹ́lẹ̀ rí méjì, Nicéphore Soglo àti Boni Yayi, ló lọ bá Tiani ní Niamey ní ìparí oṣù Kẹfà láti pẹ̀tù sí ọ̀rọ̀. Nínú oṣù Kẹjọ, gbígbé epo bẹ̀rẹ̀ padà. Afárá Malanville kò ṣí síbẹ̀.

Owó wo ni Ṣáínà yá Niger?

Èyí ni wọ́n sábà máa ń fò nínú ìròyìn, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ ni gbòǹgbò ìkánjú Niamey wà. Ìjìyà ECOWAS dí Niger lọ́nà owó. Owó tó wà ní báńkì ìjọba àpapọ̀ àwọn tó ń ná sefa kò ṣeé fọwọ́ kàn, gbèsè tó yẹ kó san sì ń kọjá ọjọ́. Ní oṣù Kẹrin 2024, oṣù kan kí Talon tó di ọ̀nà, Niger gba mílíọ̀nù 400 dọ́là lọ́wọ́ CNPC. Èlé rẹ̀ jẹ́ ìdá méje nínú ọgọ́rùn-ún. Wọ́n fohùn ṣọ̀kan pé láàárín oṣù méjìlá ni Niger yóò fi epo san án padà.

Ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí ni pé kí epo tó dé inú ọkọ̀ òkun, wọ́n ti ná lára owó rẹ̀. Oṣù kọ̀ọ̀kan tí páìpù bá dúró, gbèsè ń jókòó, èlé ń lọ. Ẹni tó bá jẹ irú gbèsè yìí kò lágbára láti bá onílẹ̀ fa ọ̀rọ̀ pẹ́ títí. Lọ́wọ́ kejì, ẹni tó yá a lówó kò lè lọ. Owó Ṣáínà wà nínú kànga, ó wà nínú páìpù, ó tún wà lọ́rùn ìjọba.

Síbẹ̀ àárín àwọn ọ̀rẹ́ náà gbóná. Ní oṣù Kẹta 2025, Niger lé àwọn ọ̀gá Ṣáínà mẹ́ta kúrò nílùú, ọ̀kan láti CNPC, ọ̀kan láti WAPCO, ọ̀kan láti ilé ìfọpo Zinder. Ẹ̀sùn rẹ̀ ni owó oṣù. Ìjọba ní àwọn tó ti òkèèrè wá ń gba bíi 8,678 dọ́là lóṣù ní ìpíndọ́gba, nígbà tí ọmọ Niger ń gba bíi 1,200.

Kí ni ẹnì kọ̀ọ̀kan ń sọ?

Niger ní àdéhùn páìpù kò ní ìbáṣepọ̀ ibodè nínú, pé Benin kò lẹ́tọ̀ọ́ láti fi epo ṣe ohun ìfipá-múni. Ní ti ibodè, ó ní ọ̀rọ̀ ààbò ni, kò sì sẹ́ni tó lè yàn án fún òun. Benin dáhùn pé epo jẹ́ ọjà bíi ti gbogbo ọjà. Ó gbọ́dọ̀ gba ọwọ́ kọ́sítọ́ọ̀mù méjèèjì kọjá, bẹ́ẹ̀ kọ́sítọ́ọ̀mù Niger kò sí lẹ́nu iṣẹ́ ní ibodè tó tì. Yàtọ̀ sí ìyẹn, àwọn àgbẹ̀ àti oníṣòwò àríwá Benin ló ń jìyà ibodè náà. Ojú wọn ni Talon ń wò nígbà náà.

Ẹ̀rù ààbò tí Niger ń sọ kì í ṣe àlá, Benin náà sì ń jẹ nínú ìyà rẹ̀. Ní oṣù Kẹrin 2025, àwọn agbésùnmọ̀mí JNIM pa sọ́jà Benin 54 ní àgbègbè ọgbà ẹranko W, níbi tí Benin, Niger àti Burkina Faso ti pàdé. Ibodè mẹ́ta tí àwọn ológun rẹ̀ kò bá ara wọn sọ̀rọ̀ mọ́, àwọn oníbọn ló ń jàǹfààní rẹ̀. Niger, Mali àti Burkina Faso sì ti kúrò nínú ECOWAS láti ọjọ́ 29 oṣù Kìíní 2025, nítorí náà kò sí àgbà kan tó lè pe Niamey àti Kútọnu jókòó bíi ti tẹ́lẹ̀.

Ṣáínà kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀ ní gbangba. Ohun tó ṣe ní oṣù Karùn-ún 2024 ti tó láti fi mọ ohun tó fẹ́: kí epo máa ṣàn.

Ṣé irú èyí ti ṣẹlẹ̀ rí?

Ó ti ṣẹlẹ̀, ó sì burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà tí South Sudan gba òmìnira ní 2011, ọ̀pọ̀ epo wà lọ́dọ̀ rẹ̀, páìpù àti èbúté wà lọ́dọ̀ Sudan. Sudan bèèrè 36 dọ́là lórí àgbá kan. South Sudan ní olè ni, ó sì ti gbogbo kànga rẹ̀ ní oṣù Kìíní 2012. Ó lé ní ọdún kan kí epo tó tún ṣàn, àwọn aráàlú méjèèjì sì fi ebi gbé ìjà náà. Nígbà tí ogun bẹ́ ní Sudan ní 2023, páìpù kan náà bẹ́ ní oṣù Kejì 2024, nínú àgbègbè tí ogun ti ń jà. Fún ọ̀pọ̀ oṣù, kò sẹ́ni tó lè débẹ̀ tún un ṣe. Pẹ̀lú rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ owó tó ń wọ àpò ìjọba Juba dúró.

Chad àti Cameroon ń kọ́ni ní ẹ̀kọ́ mìíràn, ti owó. Páìpù wọn, 1,070 kìlómítà láti Doba dé Kribi, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2003 pẹ̀lú àtìlẹ́yìn Báńkì Àgbáyé. Wọ́n ṣe òfin ní Chad pé ilé ìwé, ìlera àti àwọn ọmọ tí a kò tíì bí ni owó náà yóò jẹ́ tiwọn jù. Ní 2006, ìjọba Idriss Déby yí òfin náà padà kí ó lè lò ó fún ààbò. Ní 2008, Báńkì Àgbáyé kó ẹrù rẹ̀ jáde nínú iṣẹ́ náà. 

Ilẹ̀ àti ẹranko ńkọ́?

Ibi tí Agadem wà kò jìnnà sí igbó ọba Termit àti Tin-Toumma, tí Niger yà sọ́tọ̀ ní 2012. Ẹranko addax, tó wà nínú ẹbí ẹtu, tó ní ìwo gígùn tó lọ́ pọ̀, ló ń gbé níbẹ̀, kò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ibòmíràn mọ́ láyé tó ti ń jẹ̀ lómìnira. Ní 2016, IUCN, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ìdáàbò bo ẹranko àti àyíká, kéde pé nígbà tí wọ́n wá a kiri aṣálẹ̀ náà, mẹ́ta péré ni wọ́n rí. Àjọ náà di ẹ̀bi rẹ̀ ru iṣẹ́ epo CNPC, ó sì fi kún un pé àwọn sọ́jà tó ń ṣọ́ ibi iṣẹ́ náà ń dọdẹ ẹran. Lẹ́yìn náà ni ìjọba Niger tún ààlà igbó ọba náà pín kí àyè lè gba epo.

Ní Sẹ̀mẹ̀, ẹja ni ọ̀rọ̀. Páìpù tó bá jò nínú òkun kò mọ ààlà, omi Badagry ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́. A kò nílò kí ẹnikẹ́ni kọ́ wa ní ohun tí èyí ń ṣe fún apẹja, Niger Delta wà níwájú wa.

Ibi tí ọ̀rọ̀ àyíká àti ọ̀rọ̀ òṣèlú ti pàdé ni títì àti ṣíṣí páìpù. Páìpù tí wọ́n ń tì tí wọ́n tún ń ṣí, tí wọ́n tún ń bẹ́, kì í pẹ́ kó tó bàjẹ́. Ibi tí ìjà bá sì wà, ẹni tó yẹ kó lọ dí ibi tó ń jò kì í tètè dé.

Kí ló kan Nàìjíríà?

Páìpù gáàsì tiwa náà gba omi Benin àti Togo kí ó tó dé Ghana. Ní oṣù Kẹjọ 2012, ìdákọ̀ró ọkọ̀ kan fa á já lẹ́bàá Lomé, Ghana sì wà nínú òkùnkùn fún ọ̀pọ̀ oṣù. Kò sí òṣèlú nínú ìyẹn, síbẹ̀ ẹ rí bó ṣe rí. Páìpù ńlá mìíràn tí wọ́n ń gbèrò láti gbé gáàsì Nàìjíríà lọ sí Algeria, inú Niger ni yóò gbà. Nítorí náà, bí Niger ṣe ń bá Benin ṣe lórí epo rẹ̀ ni àwòrán bí ẹlòmíràn ṣe lè bá Nàìjíríà ṣe lórí gáàsì tirẹ̀. Àyè kan ni wọ́n yí padà: níbí, Niger ni aláìlókun. Níbẹ̀, òun ni yóò jẹ́ onílẹ̀.

Ṣé Niger lè gba ọ̀nà mìíràn?

Nígbà tí ìjà gbóná ní 2024, ọ̀rọ̀ páìpù Chad tún jáde ní Niamey. Kì í ṣe ọ̀nà tó rọrùn. Wọ́n ní láti kọ́ páìpù tuntun láti Agadem wọ Chad, gba aṣálẹ̀, kó tó kan ti Doba. Páìpù Doba fúnra rẹ̀ wà nínú ìjà. Ní oṣù Kẹta 2023, Chad gba ilé-iṣẹ́ epo tí ExxonMobil ti tà fún Savannah Energy, ó sọ ọ́ di ti ìjọba. Ní oṣù tó tẹ̀ lé e, Chad pe aṣojú rẹ̀ ní Cameroon wálé nítorí ẹni tó yẹ kó ni ìpín nínú páìpù náà. Ọ̀nà Nàìjíríà kò sí lórí tábìlì láti ìgbà tí ECOWAS ti dá Niger dúró. CNPC kò sì tíì gba owó tó ná sí ilẹ̀ Benin padà, ká tó sọ pé yóò ná òmíràn sí ibòmíràn.